Ohun Tó Wà Nínú Ìdì Sányán

Omi eérú ti ń hó nínú ìkòkò nígbà tí Ràzíátù ti ọwọ́ bọ àpò, tí ohun tó wà níbẹ̀ sì mì lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó fa ọwọ́ yọ, ó ṣe bísímílà, ó tún wò ó.

Ìdì sányán ni, ilé tí kòkòrò fi itọ́ ara rẹ̀ kọ́ sórí igi ìrà. Akosua, tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan ní Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò nílẹ̀ òkèèrè, ló já a bọ̀ láti oko bàbá rẹ̀ lẹ́yìn Tafo. Láti ìgbà tí iná ọdún 1983 ti jó igbó, ìdì inú àpò yìí nìkan ni wọ́n tíì rí. Yìgì Nímátù, ọmọ Ràzíátù, ku ọjọ́ mẹ́tàlá. Agbádá ọkọ ìyàwó ti wà nílẹ̀, fìlà sányán rẹ̀ ló kù. Ọjọ́ tí ìdì bá délé ni wọ́n ń sè é n'Ílọrin, ìlú wọn, ṣùgbọ́n ibà ti dá Ràzíátù dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ogójì ọdún ló ti ń ran òwú sányán, òkú ló sì rò pé ó máa ń wà nínú ìdì.

Ìdì lu. Orí kékeré kan yọ, ẹsẹ̀ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ìyẹ́ tó tutù, tó ká jọ bí ewé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àfòpiná ni. Ó gun apá Ràzíátù, ó dúró, ìyẹ́ náà sì ń nà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi funfun kalẹ̀. Inú Ràzíátù dùn, ẹ̀rù sì bà á, bí ẹni tó ká Ọlọ́run mọ́ ẹnu iṣẹ́.

Akosua, tó dúró tì í, ní bàbá òun máa ń rí wọn. Wọn kì í jẹun rárá. Wọ́n á yé ẹyin sára ewé ìrà, wọ́n á fi irun ara wọn bò ó, wọ́n á kú. Ẹyin yẹn ló ń di kòkòrò.

Sùlèímọ̀n, ọkọ Ràzíátù, dìde nídìí òfì. "Ìyá Nímátù, omi ń gbẹ. Ṣé orí òfìfo ni ọkọ ọmọ wa máa gbé síwájú àwọn àlùfáà ni?"

"Ààyè ni wọ́n, Bàbá Nímátù. Gbogbo èyí tí mo ti ń sè láti kékeré, ààyè ni wọ́n." Ó fa igi iná kúrò lábẹ́ ìkòkò. "Ẹ fi òwú lásán hun fìlà. Mo fẹ́ dá àwọn wọ̀nyí padà sórí igi wọn."

Sùlèímọ̀n ya ẹnu láti jà, àfòpiná náà sì fò, ó bà lé e láyà. Ó dúró gbagidi. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn jẹ́jẹ́ ni, kó má baà lé àfòpiná náà: ó ń béèrè ìgbà tí ọkọ̀ Tafo àkọ́kọ́ máa ń gbéra.