Ọwọ́ Ràbíátù Tẹ́, Ràbíátù Ò Tẹ́

Ẹ súnmọ́ mi, ọmọ àti ọmọ ọmọ. Ẹ gbé àpótí yín wá síbí, ẹni tó bá jókòó jìnnà kò ní lè gbe orin. Ìtàn àtàǹpàkò kan ni mo mú wá, ó sì dùn bí ewùrà tuntun.

Ní Sábó, ní Ṣàgámù, ìdí òkìtì gbànja ni Ràbíátù máa ń jókòó sí. Òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa bó obì, wọ́n á máa ṣà á, èyí tó dára sọ́tùn-ún, èyí tí kòkòrò ti jẹ sósì. Òun ló ń lé orin, àwọn yòókù ń gbè é:

Gbànja dé láti oko,
*Ẹ wá bó o.*
Kòkòrò ò ní bá wa jẹ ẹ́,
*Ẹ wá bó o.*
Ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ ni yóò bu òkèlè,
*Ẹ wá bó o.*

Àfi bí ìdí àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bó bá fẹ́ ṣí ìgò òróró lásán, ojú rẹ̀ á fún pọ̀ bí ojú ẹni tó gé orógbó jẹ. Ó lo oògùn, ó fi aṣọ di ọwọ́, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ sí oríkèé náà. Ìrora á lọ, á tún padà. Nígbà tó yá, ọwọ́ dákẹ́, orin náà sì dákẹ́. Ẹ̀yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá ń jókòó sí, tó ń wò wọ́n. Kò sí ohun tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ju kó padà sídìí òkìtì lọ.

Àṣàbí, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn. Ràbíátù ju Àṣàbí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó bá a nílé ọkọ, nítorí náà "ọkọ mi" ló ń pè é, "ẹ̀yin" ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Àṣàbí náà ò jẹ́ kí oyè yẹn dípẹtà.

Dókítà Raqeebah, ọmọbìnrin kan láti Makun, nínú Ṣàgámù níbẹ̀, tó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, gba gbànja kan lọ́wọ́ Ràbíátù, ó là á sí méjì, ó sì tún pa á pọ̀.

"Màámi, báyìí ni egungun méjì ṣe fara kanra nídìí àtàǹpàkò yín. Ohun tó ń dán láàárín wọn, tí kì í jẹ́ kí wọ́n ha ara wọn, ló ti gbó tán. Egungun wá ń ha egungun."

"Kí la ó ṣe sí i, ọmọ mi?"

"Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. A lè fi ìṣó kékeré kan méjèèjì pọ̀, kí wọ́n di ọ̀kan. Ìyẹn lágbára, àmọ́ ibẹ̀ ò ní tẹ̀ mọ́. A sì lè yọ egungun kékeré tó wà nísàlẹ̀ kúrò, kí àpá inú ara dí àyè rẹ̀. Àwọn dókítà mìíràn máa ń ká iṣan sínú àyè náà, ṣùgbọ́n àwọn tó fi èyí wé ìyẹn ò rí i pé ó fi bẹ́ẹ̀ sàn jù. Agbára á pẹ́ kó tó padà, ìka á sì kúrú díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni oríkèé àtọwọ́dá. Ó máa ń tètè jẹ́ kí ọwọ́ ṣiṣẹ́, àmọ́ ó lè mì tó bá yá, kí á tún un ṣe. Èkó lẹ máa lọ fún ìyẹn."

"Èkó kẹ̀?" ni Àṣàbí wí. "Ìyàwó mi tó ń bì tó bá wọ bọ́ọ̀sì dé Ìkẹ́nnẹ́? Ẹ bá wa kàn án níṣòó. Kó má tẹ̀, ta ló ń fi ìdí àtàǹpàkò tẹ̀? Tẹ́ ẹ bá yọ egungun, kí ni yóò di ìka mú, àdúrà?"

"Ọkọ mi ti sọ̀rọ̀," ni Ràbíátù wí. "Ẹ kàn án."

Dókítà ò bá wọn jiyàn. Ó kàn fi páálí líle di ìdí àtàǹpàkò náà gbọnyin. "Bó ṣe máa rí nìyí. Ẹ fi ṣiṣẹ́ wò ná, kí ẹ tó padà wá."

Lọ́jọ́ kejì, Ràbíátù padà sídìí òkìtì ti òun ti páálí lọ́wọ́. Ó di obì mú, kò dùn ún. Ó bó o, kò dùn ún. Orin bú sẹ́nu rẹ̀, àwọn obìnrin gbè é.

"Mo wí bí n ò wí?" ni Àṣàbí ń bi gbogbo ènìyàn.

Ó wá ku kí wọ́n di apẹ̀rẹ̀. Ewé ni wọ́n ń tẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀ kí obì tó wọ ibẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n sì fi ń tẹ ewé náà mọ́ ara apẹ̀rẹ̀ pẹrẹsẹ, kí atẹ́gùn má ráyè mú obì gbẹ. Ràbíátù tẹ ewé. Àtàǹpàkò nàró, ó fa ewé ya. Ó mú òmíràn, ìyẹn náà ya. Hàrúnà, oníbàárà wọn tó ń kó obì lọ sókè Ọya, rọra gbé apẹ̀rẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá, ẹ má bínú. Èyí á gbẹ kí n tó délé."

Nígbà tí àkókò ìrun Alásàrì tó, Ràbíátù forí kanlẹ̀. Ọwọ́ òsì tẹ́ sórí ẹní. Ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, ó ká bí ọwọ́ ẹni tó ń bu omi. Ó sálámà tán, ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́.

"Ọkọ mi, dókítà ní kò ní tẹ̀. A ò bi í bóyá yóò tẹ́."

Àṣàbí ń ṣa ewé tó ya jọ.

"Ọwọ́ tí kò bá tẹ́ nídìí obì," ni Ràbíátù wí, "ẹni tó ni ín ni yóò tẹ́."

Àṣàbí jókòó tì í lórí ẹní. "Ó dáa. Kí wọ́n yọ egungun ọ̀hún. Tí ìka bá jábọ́, èmi ni n ó máa bá ẹ bó obì."

Ìka ò jábọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n di ọwọ́, wọ́n tú u, dókítà sì ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa nà án díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́, bí wọ́n ṣe sọ. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àyè Ràbíátù ò ṣófo nídìí òkìtì: òun ń lé orin, Àṣàbí ń bá a bó ìpín rẹ̀, ó ń bó o wúruwùru, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ tí Ràbíátù tún fọwọ́ kan ewé, gbogbo wọn na ọrùn wò ó. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ pẹrẹsẹ, ó tẹ ewé mọ́ apẹ̀rẹ̀ yípo. Ewé ò ya. Hàrúnà fúnra rẹ̀ ló gbé apẹ̀rẹ̀ náà rù.

Àṣàbí fi àtàǹpàkò tirẹ̀ wọn ti Ràbíátù. "Ìyàwó mi, ó mà kúrú."

"Ẹ̀yin náà kúrú, mo sì ń pè yín lọ́kọ."

Lọ́jọ́ náà, Ràbíátù fúnra rẹ̀ ló rin ewùrà, ó fi se ìkọ́kọrẹ́ tó lẹ́ja yanturu. Wọ́n jẹ, wọ́n lá ọwọ́, Àṣàbí ha ìdí ìkòkò. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, oníkálukú gba ilé lọ pẹ̀lú ikùn tó kún, orin sì ń bá wọn lọ lójú ọ̀nà: *ẹ wá bó o, ẹ wá bó o.*