Ojú Ìwé Ìkẹyìn Nìkan

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó dunni bẹ̀rẹ̀: Oníwèé kì í ka ìwé. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń ta ìwé àlòkù nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan láàárín télọ̀ àti ẹni tó ń tún aago ṣe, orúkọ iṣẹ́ yẹn ni gbogbo àdúgbò sì fi ń pè é, síbẹ̀ kò ka ìwé kan parí rí láyé rẹ̀. Ojú ìwé tó kẹ́yìn nìkan ló máa ń kà. Ó yà yín lẹ́nu, àbí? Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló fà á, ọmọ ìyá kan ṣoṣo tó kù fún un. Àbúrò yìí fẹ́ràn irú ìwé kan ju oúnjẹ lọ: ìwé ìtàn tí wọ́n hun láti inú àlọ́, àmọ́ tí kì í ṣe ti ọmọdé. Igbó tó ṣú dùdù ló ń fẹ́, ilé ńlá tí ìkùukùu bò, ọba tó ń pa ìyàwó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá àgbà tó fi egungun ṣe ọgbà yí ilé rẹ̀ ká. Ohun kan ló sì máa ń tẹnu mọ́: ìwé náà gbọ́dọ̀ parí síbẹ̀. Kò gbọdọ̀ ní apá kejì. "Ẹ̀gbọ́n mi," á ní, "ẹ má mú èyí tó máa ní kí n máa dúró wá fún mi. Ẹni tó bá máa kú, kó kú níṣojú mi. Ẹni tó bá máa yè, kí n rí i kó yè."

Wíwá irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré o. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé ni kì í mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dákẹ́. Oníwèé á da páálí ìwé sílẹ̀, á wo ara ìwé bóyá nọ́ńbà apá kejì wà níbẹ̀, á wo iwájú rẹ̀ bóyá igbó wà níbẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀, á wá ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn. Bí òkú bá ti di òkú, tí ẹni tó kù sì ti ń lọ sílé, ìwé parí nìyẹn, á fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré kan sí i lẹ́yìn. Àmọ́ bí nǹkan kan bá tún lajú nínú òkùnkùn ní ìlà tó gbẹ̀yìn, "Olè!" ni Oníwèé máa kígbe lé ẹni tó kọ ọ́ lórí, á sọ ọ́ padà sínú páálí.

Kí ló dé tí kì í ka àárín? Ẹ̀rù ń bà á ni. Obìnrin tó lè bá ọlọ́pàá fa aṣọ ya lójú títì, kò lè ka ibi tí wọ́n ti gé ìka ìyàwó. Ojú sì ń tì í láti sọ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ló bá ń parọ́. "Mo ti kà á látòkè délẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́ sí ẹ," ni yóò wí. "Bí o bá sì dá a padà, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń fi ìrésà nù kí n tó tà á. Kò sí àmì pẹ́ńsù tó lè sá mọ́ mi lójú." Irọ́ gbuu! Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ gbà á gbọ́, ó sì gbára lé e pátápátá.

Káfíńtà ni ọkọ àbúrò náà. Bí ẹ bá rí i, ẹ̀yin náà máa fẹ́ràn rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Òun ló kan gbogbo pákó tí ìwé wà lórí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kò gba kọ́bọ̀. Láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, òun náà ló ń gbé ìwé lọ tó ń gbé e bọ̀, nítorí ó ní ara ìyàwó òun ò yá, dókítà ní kò gbọdọ̀ rí èrò. Fóònù rẹ̀ ńkọ́? Ó ti bọ́ sómi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Oníwèé lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni káfíńtà pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó rọra sọ fún un pé oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ ni. Oníwèé yí padà, ó tún ń ṣàdúrà fún irú àna bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, káfíńtà gbé ìwé kan wá, ó fi sórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ má wulẹ̀ dara yín láàmú wá òmíràn mọ́. Ó ń rìnrìn àjò."

"Pẹ̀lú àìsàn yìí? Níbo?"

"Ibi tí ara á ti tù ú ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ń dún, ó yọ irinṣẹ́ lápò, ó tún un ṣe, ó lọ. Ẹ má bú Oníwèé o, àmọ́ ìtura díẹ̀ ló bá a pé òun bọ́ lọ́wọ́ títú páálí. Ó wo ojú ìwé tó kẹ́yìn nínú ìwé náà, ó mọ́ tónítóní, ó tì í sórí pákó.

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí Nọ́ọ̀sì já wọlé. Oníbàárà àtijọ́ ni, ó ti fẹ̀yìn tì nílé ìwòsàn, ó ga, ó sanra, ohùn rẹ̀ ń mi gíláàsì fèrèsé. Òun náà kì í ka ohun mìíràn ju àlọ́ ẹlẹ́jẹ̀ lọ, òun ló sì máa ń ra èyí tí àbúrò bá kà tán. Ó ju ìwé kan sórí tábìlì, gbàà!

"Oníwèé! Onímàgòmágó ni ẹ́!"

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Má kí mi. O ní ìwé yìí parí síbí. Èyí tí wọ́n tẹ̀ parí lóòótọ́, mi ò jiyàn. Èyí tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́? Ibi tó ti ń gbóná ló já sí! Mo fẹ́ apá kejì rẹ̀."

"Èwo ni ti pẹ́ńsù?"

Nọ́ọ̀sì ṣí àárín ìwé náà fún un. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ̀wé wíwọ́ wérewère, ìkọ̀wé ẹni tó ń fi ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n lò kọ nǹkan. Oníwèé bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"Ọkùnrin kan wà tó mọ pákó gé. Ó kan fèrèsé ilé rẹ̀ pa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní nítorí òtútù ni. Ìyàwó rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí ojú ìwé tó kẹ́yìn nínú ìwé kan, ọkùnrin náà rí i. Ó gbé ọwọ́ òsì tí obìnrin náà fi ń kọ̀wé lé tábìlì iṣẹ́, ó fi òòlù fọ́ ìka mẹ́ta. Ó ń kà á bó ṣe ń fọ́ ọ: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Látìgbà náà ló ti máa ń yẹ ojú ìwé tó kẹ́yìn wò. Nítorí náà, àárín ni obìnrin náà ń kọ sí báyìí. Kò fòyà. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń nu gbogbo ojú ìwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á rí i."

Oníwèé gbá ìwé náà mọ́ àyà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Kí ló dé?" ni Nọ́ọ̀sì bi í. "Ṣebí ìtàn ni?"

"Àbúrò mi ni! Yéè! Àbúrò mi ni, mà!"

Nọ́ọ̀sì fà á dìde. Àwọn méjèèjì da ìwé sílẹ̀ láti orí pákó, wọ́n ń ṣí àárín wọn. Pẹ̀lú ti Nọ́ọ̀sì, mẹ́rin ni wọ́n rí. Ojú Oníwèé ti kún fún omi, Nọ́ọ̀sì ló ń kà á sókè, ohùn ńlá yẹn wá di wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nínú ìkejì, ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ayùn lu obìnrin náà lẹ́nu títí eyín fi bọ́, ó ní kó fi ọwọ́ ṣà á. Nínú ìkẹta, ó fi okùn so ọrùn rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé àárọ̀ yẹn ló kù. Níbẹ̀, ìtàn dópin, ọ̀rọ̀ tààrà ló kù.

"Ó ti gé pákó gígùn. Ó fi téèpù wọ̀n mí nígbà tó rò pé mo ti sùn. Ìdérí àpótí ló kù, Ọjọ́bọ̀ ló máa kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ ìdí tí ẹ ò fi tíì wá. Bóyá ẹ rò pé àlọ́ ni."

"Ọjọ́ wo lòní?" ni Nọ́ọ̀sì bi í, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì pe ọlọ́pàá lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Oníwèé ti wà lójú títì láìwọ bàtà, Nọ́ọ̀sì sì ń sáré mí hẹlẹhẹlẹ tẹ̀ lé e. Òpópónà méjì péré ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àti ilé àbúrò. Kí wọ́n tó débẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ òòlù. Kò. Kò. Kò. Àdúgbò ti gbọ́ ọ títí ó ti mọ́ wọn létí. Obìnrin kan ń sá aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, ó tiẹ̀ kí wọn pé ẹ kú ìrìn.

Oníwèé fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó wà lẹ́yìn ilé. Káfíńtà kúnlẹ̀ sórí àpótí gígùn kan, ìṣó mẹ́rin wà láàárín ètè rẹ̀. Ó rọra yọ wọ́n lẹ́nu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ káàbọ̀," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín yẹn.

Nǹkan ta nínú àpótí náà, gbì.

Oníwèé fò mọ́ ọn. Òòlù náà bá a léjìká, eegun rẹ̀ sì dún káá, ó ṣubú sínú ìyẹ̀fun pákó. Nọ́ọ̀sì gbé igi kan, ó là á mọ́ ọkùnrin náà lágbárí, igi dá sí méjì, káfíńtà ò ṣubú. Ó yíjú padà, ó fi òòlù gbá Nọ́ọ̀sì lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ àti eyín ló jọ tú jáde. Ó gbé òòlù sókè láti parí rẹ̀. Oníwèé ń rá pálá nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ayùn. Ó fi ọwọ́ kan tó ṣẹ́ kù gbá a mú, ó gbé eyín ayùn náà lé ẹ̀yìn ẹsẹ̀ káfíńtà, lókè gìgísẹ̀, ó fà á pẹ̀lú gbogbo agbára tí ìyá rẹ̀ fún un. Iṣan náà já. Káfíńtà ké bí ẹran, ó ṣubú lulẹ̀, òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oníwèé mú òòlù náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò ní bá a bò ó. Ó fi orúnkún tẹ ọwọ́ ọkùnrin náà mọ́lẹ̀, ó ń fọ́ ọ. "Ọ̀kan!" Ẹ̀jẹ̀ ta sí i lójú. "Èjì!" Káfíńtà ń bẹ̀ ẹ́, ó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n wa. "Ẹ̀ta!" Inú rẹ̀ sì dùn. Ó gbé e sókè fún ẹ̀kẹrin.

"Oníwèé!" ni Nọ́ọ̀sì fi ẹnu ẹlẹ́jẹ̀ pariwo. "Àpótí! Èémí ń tán nínú ẹ̀!"

Ojú Oníwèé wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì jókòó lé káfíńtà láyà, Oníwèé sì fi irin ìyọṣó já ìdérí náà. Àbúrò rẹ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n ki aṣọ sí i lẹ́nu, àgbọ̀n rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìṣó kan ti gba inú pákó wọ itan rẹ̀. Ó rù kan eegun. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ń mí. Ìgbà yẹn ni ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n ń béèrè bóyá ẹnì kan wà nílé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, wọ́n jẹ́ kí Oníwèé wọlé síbi tí wọ́n tẹ́ àbúrò rẹ̀ sí nílé ìwòsàn. Wọ́n ti fi wáyà di àgbọ̀n rẹ̀ pa, kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ti so ọwọ́ Oníwèé náà mọ́ ọn láyà. Àbúrò na ọwọ́ ọ̀tún, ó ṣe bí ẹni ń kọ̀wé. Oníwèé fún un ní pẹ́ńsù, ó tẹ́ bébà kan tí wọ́n kọ oògùn sí síwájú rẹ̀, àbúrò sì kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́wọ́wọ́.

"Àtoṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni ẹ ti ń kà á. Kí ló dé tí ẹ ò fi wá?"

Irọ́ mẹ́wàá ló sáré wá sẹ́nu Oníwèé. Ó lè ní òun rò pé àlọ́ ni, ṣebí àbúrò fúnra rẹ̀ ti kọ ìyẹn sílẹ̀ fún un. Ó gbé e mì.

"Mi ò kà á. Mi ò ka ìkankan rí. Ẹ̀yìn ìwé nìkan ni mo máa ń wò, ẹ̀rù àárín ń bà mí. Mi ò nu ojú ìwé kankan rí láyé mi. Mo parọ́ fún ẹ."

Àbúrò wò ó, ó wò ó pẹ́. Omi ń ṣàn láti ojú rẹ̀ wọ etí. Ó kọjú sí ògiri. Oníwèé ò ní kó dárí ji òun, kò ní ẹnu tó máa fi sọ ọ́. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń sunkún láìbo ojú, gbogbo èèyàn inú yàrá náà ń wò ó.

Ó ṣe díẹ̀, àbúrò nawọ́ sí báàgì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìwé kan wà níbẹ̀ tí Oníwèé ti rí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, igbó dúdú wà níwájú rẹ̀, ìlà pẹ́ńsù kékeré wà lẹ́yìn. Àbúrò gbé e lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítan, ó sì kọ ọ́ sórí bébà:

"Ẹ kà á sí mi létí. Láti ojú ìwé kìíní."

Oníwèé ṣí i. Ó kà nípa ọmọbìnrin kan àti ilé kan nínú igbó. Nígbà tó dé ojú ìwé kẹsàn-án, ibi tí onílé náà ti ń pọ́n àáké, ó wo ohun tó wà nísàlẹ̀, ó rọra fo ìlà mẹ́ta.

Àbúrò fi ìka kan irin ibùsùn. Kò.

Oníwèé padà sí ìlà àkọ́kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì kà á.