Oògùn Ọkàn tí Bàbá Bàrúwà Ń Pín

Ọ̀rọ̀ Bàbá Bàrúwà ti sú Mẹ̀dínátù, ọmọ rẹ̀. Ṣé ó yẹ kí èèyàn máa pín oògùn bí ẹni ń pín àkàrà sàárà? Àyà dídùn ti gbé bàbá yìí ṣubú rí lóko ẹ̀gẹ́ ní abúlé Tube, ọ̀kadà ni wọ́n fi sáré gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Ìlaròó.

Dókítà ní ọ̀rá kì í dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn kóró tín-ín-tín kan ló ń gbé e kiri. "Bàbá, ẹ mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó ìrẹsì wọlé láti ẹnubodè. Ìrẹsì kọ́ ló ń ba ọ̀nà yẹn jẹ́, ọ̀kadà tó ń gbé e ni, nígbà tí wọ́n bá ti pọ̀ jù. Àwọn kóró yìí pọ̀ jù lára yín. Wọ́n ń há sára òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọkàn, ibẹ̀ sì ti ń dí." Ó fún un ní oògùn tí yóò dín wọn kù, ó ní kó máa lò ó lójoojúmọ́.

Bàbá ní ó yé òun. Àmọ́ ọjọ́ tó bá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ìbítóyè ní ẹyọ kan, òun fúnra rẹ̀ kì í lo nǹkan kan. Mẹ̀dínátù bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kí lèmọ́mù bá a sọ̀rọ̀, pàbó ló já sí. Ó wá ń kó oògùn náà pa mọ́, ó ń fún un láràárọ̀, àṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni bàbá ń fi í sí. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ ààtàn lọ jẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé bàbá ẹni kì í ṣe adìẹ, ohun tí Mẹ̀dínátù ì bá sọ nìyẹn.

Láàárọ̀ yìí ló ká a mọ́ ẹ̀yìn ilé, tó ń di oògùn náà sínú bébà. Inú bí i.

"Bàbá, ẹ̀yin ni wọ́n fún. Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Gbogbo àwa tí a jọ dàgbà, èmi àti Ìbítóyè la ṣẹ́kù, àyà sì ń dun òun náà. Bí oògùn yìí bá dá èmi nìkan sí, ta ni n ó máa bá sọ̀rọ̀?"

Mẹ̀dínátù ní kí àwọn kúkú gbé Ìbítóyè lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bàbá ní ó ti kọ̀, kì í fẹ́ rí abẹ́rẹ́. Ó wá ṣẹ́ oògùn náà sí méjì, ó gbé ìdajì mì, ó ní kó bá òun mú ìyókù lọ fún un.

Mẹ̀dínátù mọ̀ pé ìdajì ò lè gba ẹnì kankan nínú wọn là. Ó gbà á, ó ń lọ, ó ń sunkún.