Tọ́ọ̀fì Aláìléyín

Ọjọ́ tí eyín tó kù lẹ́nu Ìyá Àgbà Hàbíbátù já bọ́ sínú ọbẹ̀, Ìyá ò sunkún. Wọ́n fi ṣíbí gbé eyín náà jáde, wọ́n wò ó bí ẹni tó ń wo lébìrà tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní, "Máa lọ jàre. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ti ń retí ẹ." Àmọ́ nígbà tó dalẹ́, wọ́n pe Yésúfù, ọmọ ọmọ wọn, pé kó wá kó gbogbo súwíìtì tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí àwọn.

"Kó o lọ, ọkọ mi. Nǹkan dídùn ti parí lẹ́nu mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Yésúfù lára. Ìyá yìí ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó wà ní kékeré, tí súwíìtì bàbá dúdú bá le jù fún un, Ìyá ló máa ń fi eyín fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó ki í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ní báyìí, Bùọ̀dá Gàníyù, àkọ́bí Ìyá, ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá mú wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Yésúfù búra pé Ìyá ò ní kúrò n'Ìkọ̀tún láìjẹ tọ́ọ̀fì mílíìkì tó dì dáadáa, tí ọ̀bẹ á gé ní igun mẹ́rin, àmọ́ tó máa yọ́ fúnra ẹ̀ lórí èrìgì.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ POP ni Yésúfù ń ṣe. Àwọn tó ń ṣe òdòdó funfun sí àjà ilé olówó, òun náà wà lára wọn. POP ò sì fẹ́ ìmẹ́lẹ́. Bó o bá ti pò ó, kíá ni kó o rò ó, kíá ni kó o dà á, kó tó le mọ́ ẹ lọ́wọ́. Bó ṣe ṣe tọ́ọ̀fì náà nìyẹn. Èyí tó kọ́kọ́ sè, ó tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò dì rárá. Ìyá fi ife mu ún, wọ́n ní ògì náà dùn. Èyí tó tẹ̀ lé e, ó ṣì ń hó kùtùkùtù ló ti ki ọmọrogùn bọ̀ ọ́, tó ń rò ó bí ẹni tí fọ́máànù ń ṣọ́ lẹ́yìn. Ó dì o! Ó dì gan-an ni, ó sì rí yanrìn-yanrìn. Adìẹ kan ṣá a, ó wo Yésúfù lójú bí ẹni tó fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn, ó bá tiẹ̀ lọ.

Bàrákàt, tó ń dín ṣìnṣín tà nínú yàrá kejì sí tiwọn, rẹ́rìn-ín títí híjáàbù fi wọ́ lórí ẹ̀.

"Yésúfù, ṣé àjà lo fẹ́ kàn sẹ́nu ìyá arúgbó ni?"

"Bàrákàt, jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

"Ọwọ́ ẹ ni ò gbélé! Máa kán an sómi tútù wò. Bó bá ti ń ká jọ, tó ń tẹ̀ bí etí ọmọdé, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Má rò ó. Má mì ín. Fi sílẹ̀ títí wàá fi lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìkòkò yẹn láìjó ẹ. Ìgbà yẹn ni kó o wá rò ó, kó o rò ó títí ojú ẹ̀ ò fi ní dán mọ́. Bó o bá fọwọ́ kàn án nígbà tó gbóná, yanrìn ni."

"Kí n ṣáà fi sílẹ̀?"

"Kó o fi sílẹ̀."

Ó rọrùn lẹ́nu ni. Ilé tí wọ́n ń gbé, yàrá kọjú sí yàrá ni, kíṣìnnì sì jẹ́ ti gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ẹ á kọ́kọ́ kí ẹ kú ìdáná, á ṣí i, á bá ẹ rò ó kó má baà jóná. Ìfẹ́ ni. Ọkùnrin kan tó wá wo yàrá tó ṣófo lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun náà bá wọn ro ẹ̀wà kó tó bèèrè owó ilé.

Nítorí náà, nígbà tó di Sátidé, tí tọ́ọ̀fì ká jọ nínú omi tútù bí Bàrákàt ṣe wí, Yésúfù rọra gbé ìkòkò wọ yàrá, níbi tí Ìyá ti ń sùn lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó gbé e lé orí ẹní. Ó wò yí ká. Ó fi aṣọ àdìrẹ Ìyá wé e, ó wá fi fìlà ọmọ tuntun kan dé e lórí ìdérí. Ta ló máa ro ọmọ tó ń sùn?

Kò pẹ́ tí Ìyá Promise láti yàrá ọ̀kánkán wọlé wá tọrọ àlùbọ́sà.

"Yésúfù! O bímọ?"

"Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni, mà. Ẹ rọra, ó ń sùn."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ, mà."

"Ẹni tí ò tíì lórúkọ ló ti fẹ̀ tó báyìí?" Ló bá gbọ́wọ́ lé e. "Yéè! Ara ọmọ yìí ń jó bí ààrò! Bàbá Promise! Ẹ pe kẹ̀kẹ́ o, ọsibítù Ìgándò yá!"

Kí Yésúfù tó mí, yàrá ti kún. Ẹnì kan mú táwẹ̀lì dání, ẹnì kan mú róòbù. Tíṣà Richard, ará Èkìtì tó ń gbé lápá ẹ̀yìn, ń fi páálí fẹ́ ọmọ lójú. Èéfín rọra ń yọ lábẹ́ fìlà.

"Ibà yìí ti wọ orí," Tíṣà wí.

Bàbá Promise ká apá aṣọ sókè láti gbé ọmọ. Yésúfù fò, ó nà gbalaja síwájú ẹ̀.

"Ẹ má gbé e! Bí ẹ bá mì ín, yanrìn ló máa dà!"

Tíṣà sọ páálí kalẹ̀.

"Ọmọ wo," Bàbá Promise bèèrè, "ló máa ń di yanrìn?"

Àfi bí kọ́tìnnì ṣe ṣí. Ariwo ti jí Ìyá Àgbà. Wọ́n rìn wá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ. Imú wọn yí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wo Yésúfù tí òógùn bò, wọ́n wo fìlà, wọ́n tún wo Yésúfù.

"Ọmọ mi ni," Ìyá wí. "Ẹ ṣé, ẹ kú àdúrótì. Bí àwọn ọmọ ìdílé wa ṣe máa ń gbóná nìyẹn. Ara ẹ̀ á wálẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ jáde."

Wọ́n jáde. Ìyá Promise nìkan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ó ń rùn bíi bọ́tà o."

"Òun la fi pa á lára. Pa ilẹ̀kùn dé."

Ó ku àwọn méjèèjì àti ìkòkò.

"Ṣé èmi lo ń ṣe gbogbo wèrè yìí fún?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

Ìyá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé aṣọ tó wé mọ́ ìkòkò, wọn ò sì gbé e kúrò, bí wọ́n ṣe máa ń gbé e lé iwájú orí Yésúfù nígbà tí ibà bá ń ṣe é. Gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn, "Ó ń sùn!" ni Ìyá ń dá wọn lóhùn. Nígbà tó pẹ́, wọ́n mi orí.

"Ó ti wálẹ̀. Ó yá, ọkọ mi."

Yésúfù ki ọmọrogùn bọ̀ ọ́. Ó rò ó, apá ń ro ó. Tọ́ọ̀fì ń ki, ó ń wúwo, títí dídán ojú ẹ̀ fi kú pátápátá. Ó dà á sínú abọ́ pẹrẹsẹ tó ti fi bọ́tà pa. Ìgbà yẹn gan-an ni fèrè mọ́tò dún níta. Bùọ̀dá Gàníyù wọlé, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, ọ̀nà ò dáa lálẹ́."

"Gàníyù, jókòó."

"Ìyá, mọ́tò ṣì ń ṣiṣẹ́ níta—"

"Lọ pa á. Kò tíì dì."

Bùọ̀dá Gàníyù ò mọ ohun tí ò tíì dì, àmọ́ ó mọ ohùn yẹn láti kékeré. Ó lọ pa mọ́tò, ó wá jókòó.

Gbogbo wọn ń wo abọ́. Nígbà tí Yésúfù fi ọ̀bẹ kàn án, ọ̀bẹ wọlé, ó jáde, kò mú nǹkan kan dání. Ó gé e. Igun mẹ́rin. Ó mú ẹyọ kan, ó fún Ìyá.

Ìyá fi sẹ́nu. Párì wọn lọ sápá òsì, ó bọ̀ sápá ọ̀tún. Ojú wọn ò sọ ohunkóhun.

"Ìyá, ṣé ó le ni?"

Wọ́n na ìka kan sókè: kó dúró. Wọ́n pa ojú dé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú díẹ̀, ó sì rọra lọlẹ̀.

"Tọ́ọ̀fì yìí lẹ́kọ̀ọ́ ilé," Ìyá wí níkẹyìn. "Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí èrìgì, kò gé ẹnikẹ́ni jẹ. Mú òmíì wá."

Yésúfù fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló jáde. Bùọ̀dá Gàníyù náà na ọwọ́ sí abọ́. Ìyá gbá ọwọ́ náà pàà.

"Ìwọ tí eyín kún ẹnu ẹ fọ́fọ́? Lọ wá egungun jẹ."

Wọ́n gbé abọ́ lé itan, wọ́n fi aṣọ bò ó.