Ikọ́ Inú Ilé Ẹran

Orrin ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Ọmọ màlúù mẹ́ta ti kú nínú ilé ẹran mi, àwọn tó kù ń húkọ́ bí arúgbó... Orrin, aládùúgbò burúkú, ló ta ọmọ màlúù pupa yẹn fún mi. Tòun tikọ́ ló wọlé. Kí Ọlọ́run má — rárá, n kò ní dárí jì í. Kí ikọ́ náà ran ẹran tiẹ̀ náà!

Ó tún ń fi mí rẹ́rìn-ín ní ilé epo. "Tèmi ò húkọ́ o, Marlys. Bóyá ọwọ́ ẹ ni ò dáa." Ọwọ́ mi? Orí tìẹ ni ò dáa!

Dókítà ẹran tí mo pè wá wò wọ́n sì dúró, ó ń mi orí. "Kòkòrò àrùn yẹn ò jìnnà sí imú ẹran kankan. Kí ló wá fún un lágbára? Ara wọn ńkọ́? Ibi tí wọ́n ń sùn ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ rírùn. Ọ̀rẹ́ Orrin lòun náà.

Mo ti lé ẹran pupa yẹn síta, sínú yìnyín, sábẹ́ àtíbàbà kékeré. Mo ń lọ wò ó báyìí. Kí n bá òkú ẹ̀... kí n wọ́ ọ lọ sẹ́nu ọ̀nà Orrin, kí gbogbo ìpínlẹ̀ Wisconsin rí i —

Ó wà lóòró. Ó ń jẹun. Ikun imú ẹ̀ ti gbẹ. Kò húkọ́ mọ́. Ẹran olóríburúkú, kí ló dé tó ò kú?

Mo padà wọlé. Òórùn ìtọ̀ ń ta mí lójú bí ata. Omi ń kán látòkè àjà... nínú òtútù yìí? Atẹ́gùn dà? Àwọn fèrèsé...

Ọ̀rá. Ọ̀rá tí wọ́n fi dí ojú gbogbo wọn pa, ìṣó lórí ìṣó, atẹ́gùn tuntun kò ríbi wọlé. Bàbá ló kàn án. Bàbá, tó ní òtútù ló pa Ìyá, tí kò fẹ́ rí ihò kankan látìgbà náà. "Ṣé o fẹ́ kó pa àwọn wọ̀nyí náà ni?" Ohun tó sọ fún mi nìyẹn lórí àkàbà, tó ń kan ìṣó...

Rárá. Orrin ni. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ Orrin, torí — torí Orrin ni mo lè kórìíra.

Mo di etí ọ̀rá kan mú. N kò tíì fà á. Ẹran kan ń húkọ́ lẹ́yìn mi. Bàbá sì nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọ̀rá tuntun léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.