Ohùn Tó Ń Ṣáájú Dáhùn

Bí a bá pe ènìyàn lórúkọ, òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó jẹ́. Ti ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Adébíyì yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pè é, ẹlòmíràn ló ń kọ́kọ́ jẹ́.

Ọjọ́rú kan ló bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sán gangan, nínú ọ́fíìsì ìjọba tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀gá wọn, Màdáámù Fáìzàh, yọ orí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀gbẹ́ni Adébíyì!"

Kó tó la ẹnu, ohùn kan ti dáhùn lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì: "Mà!"

Ohùn ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó mọ́ gaara bí omi àmù. Ọkùnrin wa bojú wẹ̀yìn. Eruku ló rí, àti aláǹgbá kan tó ń mi orí bí ẹni pé òun náà gbọ́.

"Kai! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́, mà. Ó jọ pé a pọ̀ tí a gbọ́."

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Aláwàdà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Wọn ò mọ̀ pé òógùn ti lẹ ẹ̀wù mọ́ ọn lẹ́yìn, nítorí ó mọ olóhùn. Adébíyì gan-an ni. Ó sì ti kú tipẹ́.

Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ta kókó. Ọmọkùnrin méjì ni ìyá kan bí ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó tó fi obìnrin méjì tẹ̀ lé wọn. Adébíyì ni ẹ̀gbọ́n: ó mọ̀wé, ó mọ orin, àwọn tíṣà ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Àjíṣafẹ́ ni àbúrò: ó bá ìdánwò àṣejáde jìjàkadì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ìdánwò dá a. Ọdún tí sátífíkéètì ẹ̀gbọ́n jáde ni ibà gbé ẹ̀gbọ́n lọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Àjíṣafẹ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ tí ìyá wọn ń ké pé, "Olúwa, ìyẹn lo mú! Èyí tó kù yìí ńkọ́, kí ni kí n fi ṣe?"

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àbúrò bàbá wọn ránṣẹ́ láti Àbújá pé àyè iṣẹ́ ìjọba kan ṣí, ẹni tó ní ìwé ni wọ́n ń wá. Ìwé wà nílé, ẹni tó ni ín ni kò sí. Ẹni tí kò ní ìwé ló wà. Àwọn àgbà fi ojú bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí Àjíṣafẹ́ ṣe wọ ọkọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn, tó fi jẹ́ pé Adébíyì ló sọ̀ kalẹ̀ ní Àbújá.

Òkú gba ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Òkú fẹ́ Olúfúnkẹ́, òkú gba ilé sí Gwarinpa, òkú bí Hadassah. Àjíṣafẹ́ kàn ń bá a wọ bàtà ni.

Kí ló wá jí ohùn náà? Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Ọjọ́rú yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Kubwa kéde pé wọ́n ti yan Adébíyì ní díákónì, pé lọ́sẹ̀ méjì sí i wọ́n á gbọ́wọ́ lé e lórí. Orí ta ni? Láti ìgbà náà ni kò ti lè gbàdúrà mọ́. Bó bá kúnlẹ̀ tó ní, "Bàbá, èmi ni," ohùn náà á bi í láti ẹ̀yìn àga pé, "Èmi wo?"

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá rẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí ètò náà. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọkùnrin wa wọ ilé ìdáná, ó bá ojú iyàwó rẹ̀ bí ojú ọ̀run tí òjò ṣú.

"Dádì," ni Hadassah wí, ọmọ ọdún méje tí Yorùbá rẹ̀ ń tiro, "Màmá àgbà pe gbogbo èèyàn fún Jésù. Ó pe Mọ́mì. Ó pe èmi. Ó pe àwọn àbúrò Dádì, Ántì Kúnbi, Ántì Adérónkẹ́. Kò pe Dádì."

"Wọ́n pe, kì í ṣe ó pe," ni Olúfúnkẹ́ wí, ó sì gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọmọ ò purọ́, Bàbá Hadassah. Èmi náà fetí sí i. Wọ́n pe ẹnì kan tó ń jẹ́ Àjíṣafẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, wọ́n sunkún lé e lórí. Orúkọ tiyín ò já bọ́ lẹ́nu wọn. Ta ni Àjíṣafẹ́? Àbí wọn kọ́ ló bí yín ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nídìí fíríìjì. Ọkùnrin wa nìkan ló gbọ́ ọ.

Ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ ò gbàdúrà fún Adébíyì."

"Kí n ṣe é báwo? Onítẹ̀bọmi ni mí, a kì í bá òkú bẹ̀bẹ̀. Adébíyì ti délé. Ìwọ lo ṣì wà lójú títì."

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń pè mí ní Àjíṣafẹ́?"

"Nígbà wo ni mo dẹ́kun? Níwájú ènìyàn, mo jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní ohun tí ìjọba bá fẹ́. Níwájú Ọlọ́run, ṣé kí n gbé ayédèrú ìwé lọ bá a ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Màmá kò bá a rín in.

"Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ ìsìnkú," ni Àjíṣafẹ́ wí. "Ẹ ní kí lẹ fẹ́ fi èyí tó kù ṣe."

Ó retí kí ìyá rẹ̀ sẹ́. Ó ti ṣetán láti gba irọ́ náà gbọ́.

"Mo sọ ọ́," ni Màmá wí. "Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kúnlẹ̀, ìbéèrè yẹn ni Ọlọ́run ń dá padà fún mi: kí lo fẹ́ fi ṣe? Mo ní, 'Mo fẹ́ ẹ, Olúwa. Èyí tó kù yìí gan-an ni mo fẹ́.' Àràárọ̀ ni mò ń dáhùn. Èmi ni mo pẹ́, ọmọ mi. Òun ti fẹ́ ọ kí n tó lóyún rẹ, kì í sì í ṣe dípò ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ojú ń tì mí. Wọ́n wọ orúkọ òkú fún ọ bí ẹ̀wù, mo jókòó, mò ń wò."

Ó jẹ́wọ́ fún Olúfúnkẹ́ lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n jókòó sínú mọ́tò, Olúfúnkẹ́ kọjú sí i. "Nígbà tí mo jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni níwájú pẹpẹ," ló bi í, "ta ni mo jẹ́ ẹ fún?" Nígbà tí wọ́n dé Kubwa, ó ní, "Ẹ lọ jẹ́ orúkọ yín."

Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Pásítọ̀ Olúwakáyọ̀dé gbé ìwé sókè: "Arákùnrin Adébíyì, dìde!"

"Mo ti dìde, sà!" ni ohùn náà wí, nítòsí etí rẹ̀.

Àjíṣafẹ́ fò sókè. "Adébíyì ti kú!"

"Halelúyà!" ni ìjọ hó. Onídùùrù kó ìka bọ dùùrù.

"Ẹni àtijọ́ ti kú!" ni Pásítọ̀ gbè é.

"Rárá, sà! Ibojì rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́!"

"Ibojì ti ṣófo!" ni ìyá àgbà kan ké láti ẹ̀yìn, ó ń fi ankaṣíìfù jó.

"Kò ṣófo, Mà! Ó wà nínú rẹ̀!"

Dùùrù kú. Ankaṣíìfù dúró lókè.

Ó sọ ọ́ tán porogodo. Ẹnì kan pòṣé. Alàgbà kan ní, "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!" Pásítọ̀ rọra ká ìwé, ó fi sápò.

"Ẹ má gbọ́wọ́ díákónì lé mi lórí," ni Àjíṣafẹ́ wí. "Lọ́la ni mo máa lọ sọ níbi iṣẹ́. Mo kàn fẹ́ kí ìjọ gbàdúrà fún Àjíṣafẹ́. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ti ń ṣe é."

Pásítọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó bi í bóun pe orúkọ náà bó ṣe yẹ, ó sì pè é níwájú Ọlọ́run, lẹ́ẹ̀kan péré. Kò sí ẹni tó ṣáájú Àjíṣafẹ́ ṣe àmín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó jókòó sí ọ́fíìsì pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ ti lọ, bóyá ẹjọ́ á tún tẹ̀ lé e. Màdáámù Fáìzàh yọ orí.

"Ọ̀gbẹ́ni Adébíyì!"

Ó dúró. Ó tẹ́tí sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì. Aláǹgbá wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó jẹ́, níwájú tàbí lẹ́yìn. Ó tún dúró díẹ̀ sí i, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ.

"Kai, kí ló dé? Ìwé wo nìyẹn?"

Ó nawọ́ lẹ́tà sí i. Ó fẹ́ ṣe àwàdà bó ti máa ń ṣe, ẹkún ló jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà," ni Àjíṣafẹ́ wí, "màá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sunkún ẹ̀gbọ́n mi ná."