Ohun Tí Akínlóyè Fẹ́ Sọ ní Windermere

Gbogbo ẹni tó mọ Akínlóyè ní Fallowfield, ní Manchester, ló mọ̀ pé kò sí àlọ́ tí kò lè já. Bó bá rí ìwé ìròyìn tí ẹnìkan fi sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ojú ewé tí wọ́n ń to ọ̀rọ̀ sínú àpótí kéékèèké ló máa kọ́kọ́ ṣí, yóò sì ti parí rẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó dé yunifásítì. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rìnlá gbáko ló fi jókòó ti Monísọ́lá ní láíbìrì, tí kò lè la ẹnu sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Wàyí o, ọjọ́ ti dé góńgó. Ọjọ́ Ajé ìsinmi ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1987 nìyí. Ọjọ́bọ̀ ni Monísọ́lá máa wọ bàálù lọ sílé, kò sì ní padà mọ́. Bí Akínlóyè kò bá sọ ọ́ lónìí, lẹ́tà ló kù, ta ló sì mọ ẹni tí yóò ti sọ tiẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ kí lẹ́tà tó débẹ̀?

Ìdí nìyí tó fi dábàá pé kí wọ́n lọ wo adágún Windermere. Ó ti ṣírò gbogbo rẹ̀ sórí bébà. Wákàtí kan ni wọ́n fi ń háyà ọkọ̀ ojú omi. Ogún ìṣẹ́jú láti tukọ̀ dé ibi tí igi ti ṣíji bo omi, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ọ̀rọ̀, ìyókù fún ayọ̀ tàbí ìtìjú, èyí tó bá wù kó jẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò sí nínú ìṣirò náà ni Bàbá Ògúndáre.

Àbúrò bàbá Monísọ́lá ni Bàbá Ògúndáre. Ilé rẹ̀ ní Ardwick ni Monísọ́lá ń gbé, Dádì ló sì ń pè é. Iṣẹ́ rélùwéè ni Bàbá ń ṣe láti ìgbà tó ti dé ìlú òyìnbó. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ń bá àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ síbi omi, kò bínú. Ó wọ kóòtù, ó dé fìlà, ó sì lọ jókòó síwájú bọ́ọ̀sì kékeré tí Fúnṣọ́, ọ̀rẹ́ Akínlóyè, háyà.

Akínlóyè pẹ́ dé. Ó sáré gba ẹ̀yìn wọ bọ́ọ̀sì, ó tẹrí ba láàárín agboòrùn àti kúlà oúnjẹ, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

"Hùn," ni Bàbá wí. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Monísọ́lá yọ́ ọ̀rọ̀ sí i létí. "Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà n'Ìbàdàn yín nìyẹn? Orí lásán?"

"Ibo ni kí n dọ̀bálẹ̀ sí? Orí mọ́ínmọ́ín?"

"Èmi ò mọ̀ o. Dádì kì í gbàgbé."

Ọ̀rọ̀ yẹn jẹ Akínlóyè lọ́kàn títí wọ́n fi dé Windermere.

Òjò wínníwínní ń rọ̀ nígbà tí wọ́n débẹ̀. Àwọn òyìnbó gbé àpò ńlá kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń fi ọ̀pá gun òkè lọ nínú ọ̀rinrin. Bàbá wò wọ́n títí.

"Fúnṣọ́, kí ni wọ́n ń wá lọ sórí òkè yẹn?"

"Wọn ò wá nǹkan kan, sà. Bí wọ́n bá dé orí ẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀."

"Wọn ò ní oko níbẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Ọdún mẹ́tàlélógún," ni Bàbá wí, ó sì mirí. "Mi ò tíì mọ àwọn èèyàn yìí."

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, tí Bàbá ń tòògbé lórí bẹ́ǹṣì, Akínlóyè ní kí Monísọ́lá jẹ́ kí àwọn lọ tukọ̀.

"Ìwọ? Níbo lo ti mọ̀ ọ́n?"

"Mo ti kà á nínú ìwé."

"Yé è! Ní Ẹ̀pẹ́ tiwa, a kì í ka omi o. A máa ń wọ̀ ọ́ ni."

Síbẹ̀ ó tẹ̀ lé e. Akínlóyè jókòó, ó kọjú síwájú bí ọlọ́kọ̀ ilé, ó di àjẹ̀ méjèèjì mú, ó fà. Ẹ̀yìn ni ọkọ̀ ń lọ. Òyìnbó tó ni ọkọ̀ kígbe láti bèbè, ó ń fọwọ́ júwe pé kó yí ara rẹ̀ padà.

"Kí ló dé tí wọ́n fi ń kẹ̀yìn síbi tí wọ́n ń lọ?" Akínlóyè bèèrè, ó ń làágùn.

"Bí àwọn òyìnbó ṣe wá bá wa nílé nìyẹn," ni Monísọ́lá wí.

Ó yí padà. Wàyí o, ọkọ̀ ń lọ síwájú, bó tilẹ̀ ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ, Monísọ́lá sì wà ní iwájú rẹ̀ gan-an, lójúkojú. Wọn kò tíì jìnnà sí bèbè, àmọ́ ogún ìṣẹ́jú ti pé. Ó gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ sì rọra yí títí Akínlóyè fi kẹ̀yìn sí bèbè.

"Monísọ́lá, ohun kan wà tí ó ti pẹ́ tí mo fẹ́—"

"Akínlóyè, Dádì ń bọ̀."

"Má dá mi dúró, jọ̀ọ́. Bí mo bá dúró, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́."

"Ẹ̀yìn ẹ ni wọ́n wà."

"Ẹ kú ìgbádùn o!" ni ohùn kan wí.

Akínlóyè bojú wẹ̀yìn. Fúnṣọ́ ló ń tu ọkọ̀ kejì bọ̀, ó yíjú wò wọ́n, ó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín. Bàbá Ògúndáre jókòó síwájú rẹ̀, ó ga, fìlà wà lórí, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó méjì lé orí kóòtù.

Ara Akínlóyè kò bi orí léèrè. Ìkíni òwúrọ̀ tó ti ń dùn ún láti Manchester gbé e dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí Bàbá bí ẹni tó wà nínú pálọ̀. Ọkọ̀ fì sápá kan. Àjẹ̀ kan yọ̀ bọ́ sómi, Akínlóyè sì tẹ̀ lé e, àyà ló fi lélẹ̀. Monísọ́lá, ọmọ Ẹ̀pẹ́, di etí ọkọ̀ mú, kò tilẹ̀ tutù.

Akínlóyè fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Omi mù ún dé àyà, ó tutù ju yìnyín lọ.

Bàbá tún fìlà rẹ̀ dé. "Ó tó. Dìde."

"Mo ti dìde, sà."

"Láti 1964 tí mo ti dé ìlú yìí, àwọn ọmọ ń ju ọwọ́ sí mi, wọ́n ń mi orí sí mi. Kò sẹ́ni tó kí mi báyìí rí. Ẹni tó bá kíni tó báyìí ní ohun tó ń tọrọ. Kí ni?"

"Àjẹ̀ ló ń wá, sà," ni Fúnṣọ́ wí.

"Ìwọ, panu mọ́."

Gbólóhùn mọ́kànlá ni Akínlóyè ti há sórí. Kò rí ẹyọ kan mú nínú wọn. "Monísọ́lá ni, sà," ó ní, eyín rẹ̀ ń lura. "Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò tíì mọ̀, sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ fún un ni ẹ dé."

"Kò tíì mọ̀?" Monísọ́lá pàtẹ́wọ́. "Oṣù mẹ́rìnlá! Láíbìrì tó ní ìjókòó ọgọ́rùn-ún, ẹ̀gbẹ́ mi nìkan lo rí! Ta ni ò mọ̀?"

"Ó dáa, o ti gbọ́ lẹ́nu ẹ̀," ni Bàbá wí. "Kí lo sọ sí i?"

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó, Dádì."

"Títí dìgbà wo?" Akínlóyè bèèrè.

"Títí a ó fi dé bèbè. Àjẹ̀ kan ò lè gbé wa débẹ̀. Máa tì í."

Fúnṣọ́ gbá tẹ̀ lé àjẹ̀ tó ń léfòó lọ. Akínlóyè fi èjìká ti ọkọ̀ bí ẹni ń ti mọ́tò tí bátìrì rẹ̀ kú, Bàbá sì ń pàṣẹ láti ọ̀nà jínjìn pé, "Ọ̀tún! Ọ̀tún díẹ̀ sí i! Ọwọ́ wo nìyẹn?" Àwọn òyìnbó tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè dúró, wọ́n ń juwọ́ sí wọn.

"A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé o," ni Akínlóyè wí.

"Mo ń rò ó."

"Ṣé ó le tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Kò le. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti mọ ohun tí mo máa sọ. Bí o ṣe ń tì í ló ń dùn mọ́ mi."

Akínlóyè dúró. Omi ń kán ní imú rẹ̀. "Kí lo máa sọ?"

Monísọ́lá bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó fi nu orí fún un, kò sì rọra nù ún. "Àdírẹ́sì bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́ gùn díẹ̀. Bí mo bá pè é fún ẹ níhìn-ín, ṣé wàá rántí?"

"Pè é," ni Akínlóyè wí, ó sì fi èjìká ti ọkọ̀.